Òjò 40 mm méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn: èwo la máa fi wọn agbára òjò ní Èkìtì?

Oríṣi èèyàn mẹ́ta ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi tí òjò bá ti ń súnmọ́lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ọ̀gbàrá. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè sí ìdagẹ̀rẹ́ òkè, tó sì ń wo ilẹ̀ dúdú orí oko rẹ̀ bó ṣe ń bá omi lọ lọ́dọọdún. Ẹnì kẹta ni ẹni tí wọ́n ní kó ya máàpù ibi tí ọ̀gbàrá ti lè bẹ́ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tàbí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Gbogbo wọn ń bi mí pé òṣùwọ̀n wo ló dáa jù. Èmi náà á dá ìbéèrè padà fún wọn: irú àkọsílẹ̀ òjò wo ló wà lọ́wọ́ yín? Ṣé ti ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni, ti ojoojúmọ́ ni, àbí ti oṣooṣù? Ibẹ̀ ni yíyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé òṣùwọ̀n tó gbayì jù lọ kò wúlò fún ẹni tí kò ní ohun tí òṣùwọ̀n náà ń jẹ.

Kí a tó fi wọ́n wé ara wọn, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀. Agbára tí òjò fi ń gbá ilẹ̀ lọ, ti òjò fúnra rẹ̀ ni: bí ẹ̀kán rẹ̀ ṣe tóbi tó, bó ṣe ń sáré bọ̀ tó, bó ṣe le tó láàárín ìgbà díẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe rọ̀ tó, bí òkè ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó, bóyá koríko bò ó tàbí ìhòòhò ló wà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òjò kan náà lè rọ̀ sí oko kòkó tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀ rẹ̀ kó má rí nǹkan kan mú, kó wá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ní Ìkọ̀lé kó gbé e lọ bó ṣe wà. Òjò kò yàtọ̀, ilẹ̀ ló yàtọ̀. Nínú USLE, ìṣirò iye ilẹ̀ tí òjò lè gbá lọ tí àwọn onímọ̀ Wischmeier àti Smith gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà R dúró fún agbára òjò, K dúró fún àìlera ilẹ̀. R nìkan là ń sọ níbí. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo máa ń rí ẹni tó wọn erùpẹ̀ tó ṣàn kúrò lóko rẹ̀, tó wá ń pe èyí ní agbára òjò.

Ìdí tí iye omi nìkan kò fi tó wà nínú ẹ̀kán òjò. Ẹ̀kán tó fẹ̀ tó 1 mm ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó fẹ̀ tó 5 mm ń sáré tó mítà 9. Ẹ̀kán ńlá yẹn wúwo ju kékeré lọ ní ìlọ́po 125, ó sì tún yára jù ú lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, nítorí náà agbára tó fi ń lu ilẹ̀ lé ní ìlọ́po 600. Ìlù yẹn ló ń fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí àgbàrá tó gbé e. Òjò líle ló sábà máa ń ní ẹ̀kán ńlá. Wínníwínní kì í ní in.

Òjò méjì, omi kan náà

Ẹ jẹ́ ká mú òjò méjì fún àpẹẹrẹ. Mi ò wọ̀n wọ́n níbì kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Èkìtì mọ irú àwọn méjèèjì dáadáa. Àkọ́kọ́ ni òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ oṣù kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀ lóru tí kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́: 40 mm láàárín wákàtí 8, ìyẹn 5 mm ní wákàtí kan. Èkejì ni òjò ìjì oṣù kẹrin tó gbé ààrá àti atẹ́gùn wá, tó sì dá kí ẹni tó sá sí búkà tó jẹ iyán rẹ̀ tán: 40 mm láàárín ìṣẹ́jú 40, ìyẹn 60 mm ní wákàtí kan. Ká gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ̀ déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìṣirò lè rọrùn. Géèjì inú tábìlì yìí ni ohun èlò tí a fi ń gba omi òjò wọ̀n; mẹ́ta tó kù jẹ́ òṣùwọ̀n agbára òjò tí màá ṣàlàyé lọ́kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀.

| Òṣùwọ̀n | Òjò wákàtí 8 | Òjò ìṣẹ́jú 40 |
|---|---|---|
| Omi inú géèjì | 40 mm | 40 mm |
| AIm | 2 | 24 |
| EI30 (MJ mm/ha/h) | nǹkan bíi 25 | nǹkan bíi 671 |
| KE>25 (J/m²) | 0 | nǹkan bíi 1,107 |

Ẹ wò ó dáadáa. Géèjì tí a ń kà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ rí òjò kan náà lẹ́ẹ̀mejì. AIm sọ pé èkejì fi ìlọ́po 12 lágbára ju àkọ́kọ́ lọ. EI30 ní ìlọ́po 26 ni. Ní ti KE>25, bí ẹni pé òjò àkọ́kọ́ kò rọ̀ rárá ni. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé.

EI30: èyí tí gbogbo ayé gbọ́

Láti ọdún 1958 ni Wischmeier àti Smith ti ń gbé e kiri. Ẹ ó gé òjò kan sí wẹ́wẹ́, apá kọ̀ọ̀kan tó rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà á dá dúró. Ẹ ó ṣírò agbára tí mìlímítà kọ̀ọ̀kan gbé wá. Ìlànà Brown àti Foster ti ọdún 1987 ni mo lò fún ìlà EI30 nínú tábìlì òkè yẹn: e = 0.29 × [1 − 0.72 × exp(−0.05 × i)], tí e jẹ́ agbára mìlímítà kan, tí i sì jẹ́ bí òjò ṣe le tó ní mm lọ́nà wákàtí. Ẹ ó kó gbogbo agbára náà jọ, kí ẹ wá fi bí òjò náà ṣe le tó ní ìṣẹ́jú 30 tó le jù nínú rẹ̀, ní mm lọ́nà wákàtí, sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ẹ bá ro ti gbogbo òjò ọdún pọ̀, tí ẹ sì wá àárín fún ọ̀pọ̀ ọdún, R nìyẹn.

Ó ní òfin tirẹ̀ nípa ohun tí a ń pè ní òjò kan. Tí òjò bá dá fún wákàtí 6 tí omi tó kán láàárín rẹ̀ kò tó 1.27 mm, òjò tuntun ló kàn. Òjò tí kò pé 12.7 mm, ẹ fi sílẹ̀, àyàfi tí 6.35 mm bá rọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí rí rádaràda lójú wa torí íńṣì ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí EI30 ti ta gbogbo yòókù yọ ni pé ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ lè wọnú USLE àti RUSLE, àtúnṣe rẹ̀, tààrà. Ẹ tún lè fi ti Adó wé ti ìlú mìíràn lágbàáyé. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tí wọ́n fi ṣe é. Ìlànà agbára àtijọ́ Wischmeier àti Smith kì í gòkè mọ́ tí òjò bá ti ju 76 mm lọ́nà wákàtí lọ, bẹ́ẹ̀ ìjì tiwa máa ń kọjá ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 pàápàá gùn fún irú ìjì yẹn: òjò lè pa ìṣẹ́jú 10 le bí ọta, kó rọ ìṣẹ́jú 20 tó kù wọ̀ọ̀rọ̀, EI30 á pò wọ́n pọ̀.

AIm: ọmọ Ìbàdàn

Rattan Lal tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru ní Ìbàdàn, ẹni tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, ló mú AIm jáde ní 1976 nítorí ìṣòro tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Kò ní ìdọ́gba agbára kankan nínú. Ẹ mú iye òjò ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 7.5 tó le jù nínú rẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà wákàtí, sọ ọ́ di púpọ̀. Òjò ìjì àpẹẹrẹ wa: 4 × 6 = 24. Ó tán.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Irú òjò tó bí i náà ló ń rọ̀ sí wa lórí, nítorí Ìbàdàn àti Adó kò jìnnà síra wọn nínú ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń mú jáde kò ní ibi tí yóò gbà lọ. USLE kò mọ̀ ọ́n, máàpù àgbáyé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ lè fi òjò kan wé èkejì, ẹ lè fi oṣù kan wé èkejì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè fi sọ pé tọ́ọ̀nù báyìí ló máa ṣàn kúrò lórí hẹ́kítà kan.

KE>25: ẹni tí kò ka òjò jẹ́jẹ́ sí

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hudson ló mú èyí wá láti Zimbabwe. Òjò tí kò bá le tó 25 mm lọ́nà wákàtí, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Agbára èyí tó kọjá ibẹ̀ nìkan ló ń kà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ máa ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà àkọsílẹ̀ nù kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì bá ohun tí ojú ń rí mu: òjò díẹ̀ ló ń ba ilẹ̀ púpọ̀ jẹ́.

Èmi kì í fi í ṣe àkọ́kọ́ ní Èkìtì, ìdí mi sì ni oṣù kẹsàn-án. Òjò tiwa máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní àárín oṣù kẹfà sí ìkeje, kó sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kó tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà yẹn ilẹ̀ ti mu omi yó. Òjò 20 mm lọ́nà wákàtí tí kò lè ṣe nǹkan kan ní oṣù kẹrin á di àgbàrá ní oṣù kẹsàn-án nítorí ilẹ̀ kò gba omi mọ́. KE>25 kò ní rí i. Ẹni tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè á rí i.

Àwọn tó ń jẹ àkọsílẹ̀ oṣooṣù

Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ tí ẹ lè rí gbà ní orílẹ̀-èdè yìí, ti ojoojúmọ́ tàbí ti oṣooṣù ni. Àwọn òṣùwọ̀n kan wà tó gba èyí.

Òṣùwọ̀n Fournier ló kọ́kọ́ wá ní 1960: ẹ mú oṣù tí òjò rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ pín in fún òjò ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó ní Èkìtì. Oṣù kan ṣoṣo ló ń wò, bẹ́ẹ̀ tiwa jẹ́ òkè méjì. Arnoldus tún un ṣe lábẹ́ FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé: oṣù kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ró gbogbo oṣù 12 pọ̀, kí ẹ tó pín in fún òjò ọdún. Òun ni wọ́n ń pè ní MFI, ìyẹn Fournier tí a tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò pẹ̀lú ọdún kan tí mo gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá: 5, 25, 75, 125, 160, 190, 190, 140, 210, 160, 35, 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320 mm. Fournier àtijọ́ ní 33. MFI ní 159. Nínú ìpín tí àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń lò, láti 120 sí 160 ni agbára òjò "ga", ohun tó bá ju 160 lọ ni "ó ga gan-an". Ọdún tiwa wá jókòó sẹ́nu ààlà gẹ́lẹ́. Tí oṣù kan bá fi díẹ̀ lé sí i, á bọ́ sí ìpín kejì. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ máàpù tàn yín.

MFI dára fún fífi ibì kan wé ibòmíràn, tàbí fún wíwo bóyá ọdún 10 tó kọjá le ju 10 tó ṣáájú lọ. Kò lè dá òjò méjì àpẹẹrẹ wa mọ̀ yàtọ̀ láéláé, torí 40 mm ni 40 mm níwájú rẹ̀.

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí ó jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gan-an. Roose, tó ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire àti Burkina Faso, rí i ní 1977 pé tí a bá fi òjò ọdún ní mìlímítà sọ 0.5 di púpọ̀, a ó súnmọ́ R ní ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ wá fi 17.02 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Ti ọdún àpẹẹrẹ wa: 1,320 × 0.5 = 660; 660 × 17.02 jẹ́ nǹkan bíi 11,230 MJ mm/ha/h lọ́dún. Roose fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìdá yẹn ń lọ sókè létí òkun, ó sì ń wálẹ̀ lórí òkè gíga. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo lé gbogbo Èkìtì lórí, láti Ọ̀mùò dé Àrámọ̀kọ. Fún ìṣirò orí ìdúró, tí ẹnì kan bá bi yín nípàdé pé báwo ni agbára òjò yín ṣe tó, ó tó bẹ́ẹ̀. Fún àpilẹ̀kọ fásitì, kò tó.

Sátẹ́láìtì àti máàpù tí a ti yà sílẹ̀

Máàpù àgbáyé kan jáde ní 2017 láti ọwọ́ Panagos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibùdó òjò 3,625 láti orílẹ̀-èdè 63 ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì rí i pé àárín R fún gbogbo ilẹ̀ ayé jẹ́ 2,190 MJ mm/ha/h lọ́dún. Ẹ fi wé 11,230 ti Roose lókè yẹn kí ẹ mọ ohun tí ilẹ̀ olóoru ń fojú rí. Ibùdó tó ti Áfíríkà wá kéré gan-an nínú wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí máàpù náà sọ nípa tiwa jẹ́ àfòyemọ̀ látinú ojú-ọjọ́, kì í ṣe ohun tí géèjì kan wọ̀n nílẹ̀ wa.

CHIRPS, àkójọ òjò tí wọ́n fi sátẹ́láìtì àti géèjì ṣe, ní òjò láti ọdún 1981, ó sì pín ilẹ̀ sí àpótí tó fẹ̀ tó kìlómítà 5 àti ààbọ̀. Ojoojúmọ́ ló mọ̀ dé, nítorí náà MFI ló yẹ ẹ́. IMERG, àkójọ òjò sátẹ́láìtì ti NASA, yàtọ̀: ìṣẹ́jú 30 ló ń fi kọ òjò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé ìṣẹ́jú 30 ni, torí EI30 náà ń wá ìṣẹ́jú 30. Ẹ fara balẹ̀ ná. Àpótí IMERG fẹ̀ tó kìlómítà 11. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, síbẹ̀ ìjì lè fọ ọ̀kan mọ́ kí èkejì máa sá aṣọ sóòrùn. Ohun tí sátẹ́láìtì máa kọ ni àárín gbogbo àpótí náà: góńgó tó le á ti rọ̀, EI30 á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wúlò láti mọ àsìkò tí òjò líle pọ̀ jù lọ́dún. Mi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni kọ nọ́ńbà R tó ti ibẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ó ti fi géèjì orí ilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rọ wo ni ká rà?

Géèjì lásán, èyí tí a ń kà láàárọ̀, kò ní bátìrì, kò ní ohun tó lè bàjẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé òjò wa máa ń rọ̀ lóru nígbà mìíràn, tí ẹ bá sì jí, omi lẹ máa bá, ẹ ò ní bá àkókò. Ẹ lè fi ìwé àti bírò dín àbùkù yẹn kù: ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó le, àti ìgbà tó dá. 40 mm pẹ̀lú "4:10 sí 4:50" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní 40 mm lásán. Inú ilé ni kí ẹ ti kọ ọ́ o. Ẹ má jáde lọ ka géèjì nígbà tí ààrá ń sán.

Tipping bucket ni mo máa sọ pé kí ẹni tó bá lágbára rà. Síbí alápá méjì ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó bíi jangirọ́fà. Tí omi 0.2 mm bá ti kún apá kan, á dojú dé, apá kejì á gòkè wá gba omi tó kàn, ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì kọ àkókò náà sílẹ̀. Tí òjò bá le tó 120 mm lọ́nà wákàtí, ìgbà 10 ló máa dojú dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Látinú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni ẹ ti lè rí EI30, KE>25 àti AIm lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìjà lórí òṣùwọ̀n tó dáa jù kò pọndandan fún ẹni tó ní in: kó ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Tí òjò bá le gan-an, omi á ṣì máa dà sí i lórí nígbà tó ń yí lọ́wọ́, èyí kò sì ní wọ inú ìkà. Nítorí náà ó máa ń dín òjò líle kù, bẹ́ẹ̀ òjò líle gan-an là ń wá. Ẹ gbé géèjì lásán tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ máa fi àpapọ̀ wọn wé ara wọn. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò báyìí: tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, òjò 10 mm jẹ́ omi mìlílítà 314. Ẹ wọn omi yẹn sínú ike, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìdérí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa kán sínú géèjì fún bí ìdajì wákàtí. Ìgbà 50 ló yẹ kó dojú dé. Tó bá ṣe 46, ẹ yí ìdè abẹ́ síbí náà títí á fi bọ́ sípò.

Ohun tó kù jẹ́ ìtọ́jú. Eruku ọyẹ́ á ti dí ihò rẹ̀ láti oṣù kejìlá, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé á ti sọ inú rẹ̀ di ilé ọmọ, àkọ́rọ̀ òjò á wá dé, omi á dúró sórí, ẹ̀rọ á ní òjò kò rọ̀. Bẹ́ẹ̀ àkọ́rọ̀ yẹn ni kò yẹ ká pàdánù, nítorí ìgbà yẹn ni ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Kí ó jìnnà sí ohunkóhun tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ní ìlọ́po méjì gíga nǹkan náà: igi máńgòrò mítà 8, géèjì mítà 16 sí i. Kí ó tẹ́jú. Ẹ yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ bíríkìlà. Ẹ fi ọgbà yí i ká, torí ohun tó ń dán máa ń wu àwọn ọmọdé, ó sì máa ń wu àwọn mìíràn tí kì í ṣe ọmọdé.

Disdrometer ń ka ẹ̀kán òjò lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe yára tó. Òun nìkan ló ń wọn agbára òjò láìfi ìdọ́gba ẹlòmíràn ṣe é. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó àgbẹ̀, kì í sì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Ká fi sílẹ̀ fún fásitì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀kán òjò láìní irú owó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ni kó rà. Laws àti Parsons ló fi ṣe iṣẹ́ wọn ní 1943. Ẹ jọ fúláwà sínú àwo títí á fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ẹ bò ó, ẹ gbé e sábẹ́ òjò, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ bò ó padà. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á di kóró fúláwà kékeré. Tí ẹ bá gbẹ wọ́n nínú ààrò tí ẹ sì jọ̀ wọ́n, ẹ ó rí kóró tó kéré bí ọkà bàbà àti èyí tó tóbi bí ẹ̀wà. Èyí kò lè fún yín ní R ọdún kan, ṣùgbọ́n fún ilé-ìwé girama, mi ò rí ohun tó dà bí i. Ife iyanrìn wà nínú ìdílé kan náà: ẹ fi iyanrìn tí a jọ̀ kún agolo, ẹ gbé e sáàárín àwo fífẹ̀, kí ẹ wọn iyanrìn tí òjò ta jáde lẹ́yìn tó bá gbẹ. Iyanrìn kan náà ni kí ẹ máa lò níbi gbogbo, kó lè jẹ́ pé òjò nìkan lẹ ń dán wò.

Ta ni kó mú èwo?

Àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀: géèjì lásán pẹ̀lú ìwé àkókò. Ẹ ò nílò R. Ohun tí ẹ nílò ni láti mọ ọ̀sẹ̀ tí òjò líle máa ń wá, kí ebè yín ti dábùú òkè, kí ìbòlẹ̀ sì ti wà lórí rẹ̀ ṣáájú. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́: tipping bucket, EI30 gẹ́gẹ́ bí òpó, AIm lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan pé ẹ ti rí R fún Ọyẹ́ tàbí Ìkọ̀lé látinú òjò ọdún kan. Ó lé ní 20 ọdún àkọsílẹ̀ tí àwọn tó ṣe é ń béèrè. Ẹ pè é ní EI30 ọdún yẹn, ó níyì bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí owó ẹ̀rọ, ẹ gba àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú-ọjọ́, kí ẹ ṣe MFI ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sàn ju EI30 tí a fi òjò ojoojúmọ́ pa irọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń ya máàpù ìpínlẹ̀: MFI látinú CHIRPS, kí ẹ sì fi Roose yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ to àwọn ibi tẹ̀léra wọn, èyí tó le jù síwájú, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ nọ́ńbà sórí máàpù bí ẹni pé géèjì ló sọ ọ́. Ìyàtọ̀ òjò láàárín ìjọba ìbílẹ̀ kan àti èkejì ní Èkìtì kò tó ìyàtọ̀ ìdagẹ̀rẹ́ òkè wọn. Òkè ló máa pín máàpù yín sí méjì, kì í ṣe òjò.

Ẹnjiníà tó fẹ́ mọ bí gọ́tà ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, ìwé yìí kọ́ ni tiyín. Òjò tó le jù tó ṣeé ṣe kó rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 lẹ́ẹ̀kan nínú ọdún 10 tàbí 25 lẹ̀ ń wá, R kò sì lè sọ ọ́ fún yín. Tipping bucket kan náà ló máa bá yín kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, nítorí náà ẹ lè pa owó pọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ yín ti dúró lóko kí oṣù kejì tó parí, kí ẹ sì ti tú ilé agbọ́n inú rẹ̀ dà nù.